Àríyá Kò Sọ Àlejò Di Onílé

  

Olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹgbẹ́ wa ti gbé ṣe nínú eré ìdárayá, eré orí ìtàgé, orin, àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú ìlú tí a ń gbé yìí. Mo jókòó ti tábìlì, mo mú bírò, mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Ohun tí mo rí kọ kò tó ìlàjì ojú ewé kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mi fi yí padà di ẹjọ́. Ẹ̀yin àgbà ni mo sì ń ro ẹjọ́ náà fún, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta yín létí, ẹ má ṣe bínú. Ọmọ tí ó bá sọ fún baba rẹ̀ pé òrùlé ilé ń jò kò bú baba.

Ẹjọ́ tí mo ní kò ju ọ̀kan lọ. Lọ́dọọdún ni a ń fi owó wa ṣe àríyá ọjọ́ kan ṣoṣo, tí a sì ń fi ẹnu wa yin àwọn olóṣèlú ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí wọ́n ti tú àtíbàbà, tí wọ́n ti kó àga lọ, àwọn ọmọ wa kò ní pápá tí wọn yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, wọn kò ní pèpéle tí wọn yóò ti ṣeré, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ tí ń ṣojú wọ́ọ̀dù tí a ń gbé. Àwọn baba wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n fi ọ̀rá dì kí ó má baà kan ọṣẹ, bí ó tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ewé ni yóò máa jẹ́. Àríyá ni ọ̀rá tí a fi di ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù, nítorí òun ni tọmọdé tàgbà mọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá ní Kàdúná tí kì í fi Rashidi Yekini yangàn. Kàdúná níbí ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1963. Ìrá, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni ilé baba rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ọmọ yìí ni ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ tí a na Bulgaria ní 3 sí 0. Ó wọnú àwọ̀n lọ, ó di okùn rẹ̀ mú, ó ń ké. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Góòlù 37 ni ó jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Títí di òní, bí a bá jókòó ti àwọn ẹ̀yà mìíràn, a ó ní, "Tiwa ni Yekini."

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni a ṣe tí ó fi jẹ́ tiwa? Ta ni ó fún un ní pápá? Ta ni ó ra bàtà fún un? Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ilé iṣẹ́ tí ń hun aṣọ ní Kàkúrí, ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1981. Láti ibẹ̀ ni Shooting Stars ti Ìbàdàn ti mú un lọ ní 1982. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó rí ọmọ náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kankan. Ilé iṣẹ́ náà fún un ní pápá, ó fún un ní olùkọ́ni, ó fún un ní aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù. Àwa gba orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ti di olókìkí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. KTL tí wọ́n ṣí ní 1957 ti kógbá sílé. UNTL fúnra rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 2007. Lóòótọ́, wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kò padà sí bí a ti mọ̀ ọ́n. Àwọn baba tí ń ti ibẹ̀ gba owó oṣù fọ́n káàkiri. Ìyẹn dun gbogbo wa. Ohun tí a kò sunkún lé lórí ni pé nígbà tí ilé iṣẹ́ kú, pápá rẹ̀ bá a kú, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá a kú. Bí Yekini mìíràn bá wà ní Kàkúrí tàbí ní Túdún Wàdá lónìí, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ fi ibi tí yóò lọ hàn mí.

Mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Nínú àwòrán tí ìjọba bá yà kí wọ́n tó gé ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn, wọ́n a máa fi àyè sílẹ̀ fún eré ọmọdé. Lórí ìwé, àyè náà ń bẹ. Nígbà tí ó bá yá, ẹnì kan á kọ̀wé pé òun fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá sí lẹ́tà mìíràn nínú fáìlì tí ó tako ti onítọ̀hún, kí ni ọ̀gá tí ń bẹ lórí àga yóò fi sọ pé rárá? Lẹ́tà kan péré láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ó ní orúkọ, tí ó ní òǹtẹ̀, tí ó ní àwọn olóyè, lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹgbẹ́ wa ní òǹtẹ̀. Lẹ́tà ìpè sí àríyá ni a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí pápá, kí n wá sí orí ìtàgé. Àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé ìlú òkè yìí kò mọ tíátà Yorùbá àfi èyí tí wọ́n ń wò nínú fóònù. Irọ́ ni. Ní ọdún 1946, Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ tí ó pè ní Strike and Hunger wá sí Jos. Eré náà dá lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945. Àwọn òyìnbó tí ń ṣàkóso kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wò ó. Wọ́n dá eré náà dúró, wọ́n sì gba owó ìtanràn £125 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí £125 jẹ́ ní ìgbà náà! Ògúndé kò tìtorí èyí fi ìhà òkè sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó kọ eré kan lé e lórí, Bread and Bullet, ó sì gbé e dé Kánò ní 1951. Wọ́n tún dá a dúró níbẹ̀. Ní 1964, ó fi Yorùbá Ronú bá àwọn olóṣèlú ilé wa wí, títí ìjọba ìwọ̀-oòrùn fi fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ta ni Ògúndé ń gbé eré wọ̀nyí wá fún ní Jos àti ní Kánò? Àwọn baba wa ni, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ní ibi ìwakùsà àti ní ọ́fíìsì. Àwọn akọ̀wé àti lébìrà tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan ni wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sanwó kí ẹnì kan lè sọ òótọ́ lójú wọn.

Kàdúná tiwa yìí náà kò gbẹ́yìn. Kí Dúró Ládípọ̀ tó fi Ọba Kò So di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ó ti ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín. Níhìn-ín ni ó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé eré sórí ìtàgé, kí ó tó padà sí Òṣogbo. Ìlú tí irú ọkùnrin yẹn ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni a wà. Ẹ sọ fún mi, eré wo ni àwọn ọmọ wa gbé jáde ní Kàdúná ní ọdún tí ó kọjá? Gbọ̀ngàn tí a ń háyà, ìgbéyàwó àti òkú ni a ń fi í ṣe.

Bẹ́ẹ̀ àwọn aládùúgbò wa kò sùn. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni àwọn Hausa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù ní èdè wọn ní Kánò, èyí tí a ń pè ní Kannywood lónìí. Wọ́n ń ṣe é ní Kàdúná níbí pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Hausa ju bí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá lọ. Wọ́n mọ gbogbo òṣèré náà ní orúkọ. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá dáná, ilé tí òórùn ọbẹ̀ ti ń ta ni yóò yà sí.

Ní ti orin, ọ̀rọ̀ wa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́, ohun tí ìgbìmọ̀ ń jíròrò jù ni olórin tí a óò pè láti ilé. Owó mọ́tò rẹ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, owó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, owó ìsáǹsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, kí ni yóò kọ? Orúkọ àwọn tí ó ná owó fún un ni. Ẹni tí kò ná owó kò lórúkọ. Ìyá tí ń ta ata ní ọjà, tí ó san owó ẹgbẹ́ láti oṣù Kíní dé oṣù Kejìlá láìjẹ gbèsè, olórin kò ní dárúkọ rẹ̀. Owó rẹ̀ ni a sì fi san ìsáǹsílẹ̀.

Ẹ wo Dan Maraya ti Jos, ẹni tí ó kú ní ọdún 2015. Kùntìgí kékeré olókùn kan ni ó fi ń kọrin. Ó kọrin fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn tí Hausa ń pè ní karen mota, ó sọ ìyà tí ń jẹ wọ́n, ó sì yìn wọ́n. Ta ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí olórin ńlá yóò kọrin fún un? Náírà mélòó ni yóò ná? Dan Maraya kò wo ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ̀kúnnù fi sunkún rẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ òkè. Èmi kò sọ pé kí olórin wa má yin olówó. Oríkì jẹ́ ara àṣà wa, ẹni tí ó bá ṣe rere yẹ ní kíkì. Mo ní kí a má ṣe fi owó ọlọ́ata kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan fún ọlọ́ata.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìṣèlú, nítorí ọjọ́ àríyá yìí kan náà ni àwọn olóṣèlú máa ń wá. Bí ìbò bá ti kù díẹ̀, a ó rí wọn. Wọ́n á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á gbé òróró wá, wọ́n á gbé àǹkárá tí àwòrán ojú wọn wà lára rẹ̀ wá. A ó fún wọn ní àga iwájú, olórin á kì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àgbà kan á gba gbohùngbohùn, á ní, "Gbogbo Yorùbá Kàdúná ti fọwọ́ sí ọ." Ta ni ó bi gbogbo Yorùbá Kàdúná? Ìpàdé wo ni a ti sọ ọ́? Ta ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé? Ìlérí wo ni olóṣèlú náà ṣe tí ẹnì kan kọ sílẹ̀, tí a lè mú lọ bá a lẹ́yìn ọdún kan? Ìrẹsì jinná, a jẹ ẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó fi ọdún mẹ́rin jókòó sórí àga.

Àwọn kan á ní, "Kí ni a fẹ́ ṣe? Wọn kò kà wá mọ́ ọmọ onílẹ̀." Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin sọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ìdè tí ó wà lẹ́sẹ̀ wa, àwa ni a so ó. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 42, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá tàbí nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ ẹni tí ń gbé ìlú, ní ibikíbi tí ó bá wà. Abala 106 ka ohun tí ẹni tí yóò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní: kí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó kàwé dé ìwé mẹ́wàá, kí ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó. Ọdún 30 ni ọjọ́ orí náà tẹ́lẹ̀. Ní 2018 ni wọ́n dín in kù sí 25. Kò sí ibi tí ó ti béèrè ìlú baba rẹ̀. Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 náà sọ pé ibi tí ènìyàn ń gbé tàbí ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tó fún un láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò.

Èmi kò sọ pé kò sí ìrẹ́jẹ. Ó wà. Abala 147 inú ìwé òfin kan náà sọ pé kí mínísítà tí a bá yàn láti ìpínlẹ̀ kan jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ọmọ wa sì mọ ohun tí ojú ń rí nígbà tí wọ́n bá ń wá ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ fún iṣẹ́ tàbí fún owó ìrànwọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìbò kò béèrè ìwé ẹ̀rí yẹn. Ìlẹ̀kùn kan tì, èkejì ṣí sílẹ̀, a sì jókòó ti èyí tí ó tì, a ń sunkún.

Kì í ṣe ohun tuntun kí ẹni tí ó wá láti ibòmíràn ṣe olórí ní ìlú tí ó ń gbé. Ní àwọn ọdún 1950, Umaru Altine, Fúlàní láti Ṣókótó, ni ó ṣe méyọ̀ ní Enugu, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ìgbò. Ní 1951, Èkó ni Nnamdi Azikiwe ti wọ ilé aṣòfin ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn. Ní 2015, àwọn mẹ́ta tí kì í ṣe Yorùbá ni Èkó dìbò fún lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Èkó yìí, nítorí mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú wa ń sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà ìbò gómìnà, wọ́n lé àwọn ènìyàn kúrò ní àwọn ibùdó ìdìbò kan ní Èkó nítorí pé wọ́n jọ Ìgbò. Ní Kàdúná níbí, àwọn ọmọ Yorùbá kan pàtẹ́wọ́ sí i. Wọ́n ní, "Kí wọ́n lọ dìbò ní ilé wọn." Ẹ̀yin ènìyàn mi, níbo ni ẹ jókòó sí tí ẹ fi ń sọ èyí? Bí Hausa tí ń gbé òdìkejì ilé yín bá sọ gbólóhùn kan náà fún yín, ẹnu wo ni ẹ ó fi dá a lóhùn? Ohun tí a bá fẹ́ gbà ní Kàdúná, ẹ jẹ́ kí a lè fi ẹnu wa sọ pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní Èkó.

Àwọn àgbà á rán mi létí ọdún 2000, ọdún 2002 àti ọdún 2011. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí a sin. Mo mọ bí ìlú yìí ṣe pín sí méjì, tí àwọn kan kó lọ sí òdìkejì odò nítorí ẹ̀sìn wọn. Ẹ̀rù tí ń ba yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹ ní kí a rọra, kí a má gbé orí sókè jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí dáadáa: ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ta ni aládùúgbò fi pamọ́? Ẹni tí ó mọ̀ ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá ọmọ tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí ó máa ń dé ìpàdé àdúgbò. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni àfi àwọn ará ìlú rẹ̀ ni ó ku òun nìkan. Pápá tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán.

Ó sì tún ku ohun kan tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Nínú ìdílé Yorùbá kan ṣoṣo, ẹ ó rí Mùsùlùmí, ẹ ó rí Onígbàgbọ́, wọn yóò sì jọ jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésì. Ta ni ó tún yẹ kí ó kó ọmọ Túdún Wàdá àti ọmọ Kàkúrí sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà bí kò ṣe àwa?

Àwọn mìíràn á ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, pé a ó padà sílé níjọ́ kan. Kí Ọlọ́run mú wa délé ní ayọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síbí ńkọ́? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ńkọ́? Bí wọ́n bá dé ilé, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ òkè ọya. Bí wọ́n bá padà síbí, wọ́n ń pè wọ́n ní Bayerabe. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ṣinṣin.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo gbà. Nígbà náà, kí a má ṣe fọwọ́ sí olóṣèlú kankan lórí àríyá mọ́. Ẹni tí ó gba ìrẹsì tí ó sì pariwo orúkọ olùdíje ti ṣe òṣèlú tán.

Kò dára kí ènìyàn wí ẹjọ́ kí ó má sọ ohun tí ó fẹ́. Ohun márùn-ún ni mo fi síwájú ìgbìmọ̀ àti ìpàdé gbogboogbò.

Èkíní, fún ọdún méjì, kí a má ṣe pe olórin kankan láti ilé. Àwọn onílù wa wà níhìn-ín; kí wọ́n lù fún wa, kí a sanwó fún wọn, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní dùndún ní ọjọ́ Sátidé. Owó tí a ò bá ná fún olórin, kí akápò fi pamọ́ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún pápá.

Èkejì, kí akọ̀wé kọ lẹ́tà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ wa, sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí ọ́fíìsì tí ń rí sí ilẹ̀, kí a béèrè àyè eré kan tí ó ṣì ṣófo, kí a sì ní a ó bá wọn tọ́jú rẹ̀. Kí gbogbo ọmọ àdúgbò, Hausa, Gbagyi, Ìgbò, Kataf, lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Pápá tí a bá ṣe fún tiwa nìkan kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbà á.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ gbé eré kan jáde lọ́dọọdún, kí ó jẹ́ ní èdè Yorùbá, kí Hausa sì wà nínú rẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè bá wa rẹ́rìn-ín. Kí eré náà sọ òótọ́, títí kan òótọ́ nípa ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti pé ọdún 18 forúkọ sílẹ̀ fún ìbò níbi tí ó ń gbé. Bí ìbò bá dé, kí a pe gbogbo olùdíje, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lórí pápá, lórí ilé ẹ̀kọ́, lórí ìwé ẹ̀rí, kí a tẹ ìdáhùn wọn sínú ìwé ìrántí yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Owó pápá, owó gọ́tà àti owó ọjà wà lọ́wọ́ àwọn tí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Bí ọmọ wa kan bá sì fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, kí a má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé ìwọ náà?"

Ẹ̀karùn-ún, kí a tẹ ìṣirò owó ẹgbẹ́ sínú ìwé yìí lọ́dọọdún, kí ìyá ọlọ́ata lè ka ibi tí owó rẹ̀ lọ. Fọ́tò wa kún inú rẹ̀; ojú ewé kan fún ìṣirò kò pọ̀ jù.

Mo ti rojọ́ mi tán. Bí ẹnì kan bá rí ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ, kí ó wá sí ìpàdé, kí ó sọ ọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí olóòtú tún ní kí ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún mẹ́wàá sí i, kí ó má sì rí kọ ju Yekini lọ.

Kí Ọlọ́run bá wa dá ìlú Kàdúná sí. Kí ó má jẹ́ kí a tún rí irú ọdún wọ̀nyẹn mọ́. Kí àwọn ọmọ wa jẹ́ ẹni tí ìlú tí a bí wọn sí yóò máa fi wọ́n yangàn. Àṣẹ.

Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ yín, òṣìṣẹ́ ìjọba, Kàdúná.